PARI/GP: mo fi nọ́mbà 4,294,967,297 dán an wò

PARI/GP jẹ́ ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tí Henri Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Bordeaux nílẹ̀ Faransé. Nọ́mbà tí mo fi dán an wò kì í ṣe èyí tí mo ṣàdédé mú: bí a bá kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà 32, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a sì fi 1 kún un, òun ni a óò rí. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni, ìyẹn ni pé kò sí odidi nọ́mbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn tí kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, fi hàn pé 641 pín in.

Ẹ̀rọ ìṣirò àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ bi pé àwọn nọ́mbà àkọ́kọ́ wo ni a sọ di púpọ̀ mọ́ ara wọn láti rí i. Ó gbé 641 jáde, ó wá fi 6,700,417 sínú àkámọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ kò ká a mọ́. Nínú PARI/GP, mo tẹ àṣẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, factor(4294967297), kí n sì tó gbé ìka kúrò, ìdáhùn ti dé ní ìlà méjì: 641 àti 6700417, tí 1 tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ inú nọ́mbà náà. Mo fi isprime bi í nípa 6700417 tí ẹ̀rọ mi há sínú àkámọ́. Ó dá mi lóhùn pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni. Sigma ro gbogbo àwọn tó lè pín nọ́mbà ńlá náà pọ̀, ó sì fún mi ní 4,301,668,356. Mo tilẹ̀ fi divrem bèèrè pé òkẹ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀, ní 20,000 fún òkẹ́ kan: 214,748 òkẹ́ ni, ó ku 7,297.

Ibi tí olùkọ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra ni pé, fún nọ́mbà tó tóbi gan-an, ohun tí factor pè ní nọ́mbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ èyí tó yege ìdánwò líle ṣùgbọ́n tí a kò tíì fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Isprime ló ń mú ẹ̀rí wá. Nọ́mbà tiwa kò tó èyí tí a ó máa bẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹwà kankan lójú rẹ̀: àmì ìbéèrè kan ló ń dúró de yín, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo àlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá fi kọ́mà sáàárín nọ́mbà bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé yóò rí i pé ó kà á sí nọ́mbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà lè lò ó lórí ojúlé wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Tèmi ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ti padà sídìí owó ọjà.