Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń jẹ point and kill ní Ìlọrin: ẹja tí ẹ nawọ́ sí kọ́ ni wọ́n ń sè fún yín!

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó àlejò lọ jẹ ẹja àrọ̀ tútù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní point and kill, ẹ dákun, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dópin kí ẹ tó tún jáde nílé. Wọ́n á fi ẹja ààyè hàn yín nínú àgbá omi. Wọ́n á gbé e lé ìwọ̀n lójú yín, ẹ ó rí i bó ṣe ń jà. Bí ẹ bá ti padà lọ jókòó báyìí, wọ́n á dá a padà sínú omi, wọ́n á lọ fa òkú ẹja tó ti pẹ́ nínú fìrísà jáde, òun ni wọ́n á sè fún yín. Owó ẹja ààyè lẹ ó sì san. Ẹja tí ẹ yàn wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹlòmíràn tí wọ́n máa tún fi í hàn.

Wọn ò sọ ọ́ fún mi o, ojú mi ló ṣe. Iwájú bàbá ìyàwó mi ló sì ti ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ló ń dùn mí ju owó lọ.

Bàbá wá láti Ọ̀fà nítorí ojú wọn. A lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Old Jebba, wọ́n fún wọn ní oògùn ojú tó máa ń jẹ́ kí ojú ṣe bàìbàì fún ìgbà díẹ̀ kí dókítà lè rí inú ẹyinjú, wọ́n sì tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti wo ṣúgà. Torí ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìyàwó mi ní ká kọjá sílé, òun á yára ro àmàlà. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní àna mi kì í wá lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe wọ́n lálejò bó ṣe yẹ. Bàbá kì í jẹ ẹran pupa mọ́, ẹja ni wọ́n ń jẹ. Bí mo ṣe darí mọ́tò sí apá Tankẹ nìyẹn, sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n kun dáadáa, tí afẹ́fẹ́ AC ń fẹ́, tí àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ kan náà ń kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ wa ṣì wà ní bánkì.

Ìwé oúnjẹ tí wọ́n gbé fún wa, wọn ò kọ iye kankan síwájú ẹja. Wọ́n ní bó bá ṣe tóbi sí ni. Èmi àti Bàbá dìde, a lọ síbi àgbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín pé Bàbá mọ ẹja. Wọ́n ti sin ẹja rí, wọ́n gbẹ́ kòtò ẹja sẹ́yìn ilé wọn lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan omi, wọ́n ní kí ọmọ náà gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ní ó kéré. Ó gbé òmíràn, ẹja ńlá kan tó ní àpá funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ọ̀kan ti já. Bàbá ní èyí dára. Ìwọ̀n ní kílò 2.1. Kílò kan, ₦9,000. Mo ní kò burú.

A padà lọ jókòó. A jókòó, a jókòó. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wa jẹun tán, wọ́n lọ. Mo pe ọmọbìnrin tó ń dá wa lóhùn, ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú, wọ́n ń fọ ẹja yín lọ́wọ́ ni." Mo tún pè é, ó ní ó ti wà lórí iná. Àgbàlagbà tí kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, tí ṣúgà ń bá jà, ń mu omi lásán. Omi yẹn gan-an, a ò bèèrè rẹ̀, wọ́n kàn gbé ike mẹ́ta síwájú wa ni, àṣé owó ni.

Ìgbà tí oúnjẹ dé, gbẹ̀gìrì ti kan. Ní Ìlọrin níbí! Ìlú tí a ti fi tùwó àti gbẹ̀gìrì tọ́ wa dàgbà, ẹ gbé gbẹ̀gìrì tó ti kan síwájú àlejò! Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Bàbá má baà rí i. Wọ́n wá gbé pẹ́pẹ́ súùpù ẹja dé. Ata inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ojú ń ṣomi, wọ́n sì da efinrin bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oúnjẹ, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń bò. Mo fi ṣíbí tú u. Orí ẹja yẹn kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Mo wo Bàbá, Bàbá ti fi ọwọ́ mú ẹran ara rẹ̀, ó ń fọ́ wúruwùru lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹja yìí ti pẹ́ tó ti kú." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọn ò pariwo.

Ẹja tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹran rẹ̀ máa ń ki, ó máa ń le díẹ̀, awọ rẹ̀ á fà mọ́ ọn lára. Èyí tó ti di yìnyín tí wọ́n wá yọ́, á rọ̀, á máa tú sínú omi ọbẹ̀. Bàbá mọ èyí, èmi náà wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Mo ní kí wọ́n pe máníjà. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jáde wá. Ó kọ́kọ́ sọ pé ẹja máa ń súnkì bí iná bá mú un. Mo ní ẹran lè súnkì, ṣé egungun orí náà ń súnkì ni? Kò dáhùn. Ó wá yíjú sí àna mi, ó wo ojú tí wọ́n lo oògùn sí yẹn, ó ní, "Dádì, àbí ojú yín ni kò ríran dáadáa ni?"

Àgbà tó tó bàbá tó bí i lọ́mọ! Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ojú lọ́wọ́! Mo ti dìde, ìyàwó mi ló fà mí láṣọ. Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n ní ká san owó wọn ká máa lọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi á gbóná. Ẹ jí ẹja rẹ̀, ẹ tún fi àìsàn rẹ̀ bú u.

Rìsíìtì dé. Ẹ bá mi kà á. Ẹja ₦18,900. Àmàlà ₦4,500, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tó ti kan. Omi ₦1,500. Mínírà ₦2,100. Ìyẹn jẹ́ ₦27,000. Wọ́n wá kọ VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ₦2,700 sí i. VAT wo nìyẹn? Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé VAT láti ìdá márùn-ún sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 7.5 nínú ₦27,000 jẹ́ ₦2,025. Ìdá mẹ́wàá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá pe orúkọ ìjọba sí i. Wọ́n tún kọ ₦2,300 sísàlẹ̀, wọ́n ní owó ìtọ́jú oníbàárà. Ìtọ́jú ta ni? Gbogbo rẹ̀ ₦32,000.

Mo mú káàdì jáde. Ọmọbìnrin náà tẹ iye, mo tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa nínú ilé, ó gbé ẹ̀rọ POS àti káàdì mi jáde síta. Mi ò tẹ̀lé e. Ojú ti ń tì mí, inú ń bí mi, mo kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó padà dé, ó ní kò gbà. Mo ní kó fún mi ní bébà tó fi hàn pé kò gbà, ó ní bébà ti tán nínú ẹ̀rọ. Ó ní kí n ṣe tíránsífà. Owó tó kù sínú àkáǹtì mi kò tó mọ́, mi ò sì tíì mọ̀ pé wọ́n ti gé e.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò. Àna mi! Ẹni tí mo gbé wá fún ìtọ́jú! Wọ́n ka ₦20,000, owó oògùn ojú tí dókítà kọ fún wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ìyàwó mi fi ₦12,000 ránṣẹ́ láti inú fóònù rẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ṣebí ilé kan náà ni wá. Kò sí ọkùnrin tó lè jókòó síbẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

A ò tíì dé Tipper Garage tí alert wọlé sí fóònù mi: ₦32,000 ti jáde. Mo yí mọ́tò padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, kí n lọ bá bánkì mi. Mo ní kò burú, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi wọn bí mo ṣe ń jáde, mo wo inú rẹ̀. Wàláhì, ẹja alápàá funfun, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ọ̀kan já, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi! Ẹja kílò 2.1 tí a san owó rẹ̀! Mo yọ fóònù láti ya fọ́tò, ọmọkùnrin kan fi ìdérí bò ó, ó ní wọn kì í ya fọ́tò níbẹ̀.

Bánkì mi ní owó náà ti wọ àkáǹtì wọn. Ẹ gbọ́ o, ó ti wọlé! Wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí oúnjẹ kan tí ènìyàn ò lè jẹ. CBN, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, ti pàṣẹ láti ọdún 2020 pé bí POS bá gé owó tí iṣẹ́ kò sì yọrí, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ tí wọ́n á fi dá a padà. Wákàtí 72 ti kọjá, fọ́ọ̀mù ni mo ṣì ń kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní kí ló dé tí n kò dúró títí wọ́n fi pa ẹja náà. Ta ló máa ń gbé àna rẹ̀ sórí àga, kó wá lọ dúró ti ọ̀bẹ ní ìdáná bí ẹni ń ṣọ́ olè? Mo sanwó kí wọ́n lè bá mi ṣe é ni. Wọ́n á ní káàdì kì í kúrò lójú olówó rẹ̀. Òótọ́ ni, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ ẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú kò tíì tì yín níwájú àna yín, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, rí.

Ní tèmi o, mi ò fọkàn tán ilé oúnjẹ kankan tí ìdáná rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri mọ́. Gbogbo wọn ni mo ń fura sí. Ìyá tó ń ta tùwó l'Ọ́jà Ọba kò ní AC, kò ní aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ wà níwájú yín, ojú yín ló ti máa bu ọbẹ̀, bó bá sì ti kan, òórùn rẹ̀ á sọ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère yìí, kí ni wọ́n ń sá pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ìyàwó mi ní kì í ṣe gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ èyí tó dáa máa lọ síbẹ̀, èmi kò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì máa lọ, ẹ gbọ́ díẹ̀ yìí. Ẹ ya fọ́tò ẹja lórí ìwọ̀n kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ dúró kí wọ́n pa á lójú yín, bó bá wù wọ́n kí wọ́n máa wò yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé orí àti ìrù wá pẹ̀lú. Omi tí ẹ ò bèèrè, ẹ dá a padà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí olówò kọ iye ọjà síbi tí ẹ ti máa rí i, kó má sì gbà ju iye tó kọ lọ. Bí wọn ò bá kọ iye, ẹ dìde. Káàdì yín kò gbọdọ̀ kúrò níwájú yín, kí ẹ sì wo àkáǹtì yín kí ẹ tó san owó kejì.

Bàbá ti padà sí Ọ̀fà. Mo fi ₦20,000 wọn ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí n fi tọ́jú ọmọ àwọn. Mo lọ ra oògùn náà fúnra mi, mo fi rán awakọ̀ kan ní Offa Garage.

Mo ń kọ ìwé sí FCCPC lọ́wọ́. Rìsíìtì mi wà, ìwé tí bánkì tẹ̀ jáde fún mi náà wà. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí ní Tankẹ tàbí níbòmíràn ní Ìlọrin, tí rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, ẹ kàn sí mi ká jọ fi sínú ìwé kan náà. Ohun tí wọ́n á fojú di bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, wọn ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ènìyàn púpọ̀.