Gaàrí Ìjẹ̀bú fún ọmọ: èyí tó yẹ ní rírà lọ́jà

Ní ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde, gaàrí inú báàfù máa ń jọra lójú. Gbogbo wọn ló funfun, gbogbo wọn ló kúnná, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé tòun kì í ṣe Ìjẹ̀bú gidi. Òbí tó ń rà á fún ọmọ kò gbọdọ̀ fi ojú nìkan rà á.

Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì ṣíwọ́. Èyí tó gbẹ á tú ká bí iyanrìn. Èyí tó bá dì mọ́ra, ọ̀rinrin ti wà lára rẹ̀, kò ní pẹ́ bu nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́ ọ wò. Kíkan rẹ̀ ṣe pàtàkì ju funfun rẹ̀ lọ, torí òun ló ń fi hàn pé wọ́n fún ẹ̀gẹ́ náà láyè láti kan. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, inú àpò ló yẹ kó wà, kí òkúta tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ 3 sí 5, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni oró inú ẹ̀gẹ́ tútù ń dín kù, iná agbada sì ń lé lára ìyókù lọ. Ẹni tó ń kánjú owó á yan án lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn lè wú dáadáa fún ẹ̀bà, ṣùgbọ́n kò kan, a ò sì ní gbà á fún mímu ọmọdé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ìyá onígaàrí fún yín ní omi nínú ife, kí ẹ da ṣíbí kan sí i. Èyí tó dáa á rì. Pàǹtí àti okùn ẹ̀gẹ́ ló máa léfòó. Ẹ wá rọra da omi náà nù, kí ẹ fìka tẹ ìdí ife. Tí iyanrìn bá ń họ yín níka, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ etí títì ni wọ́n sá a sí. Ọlọ́jà tó dá ọjà rẹ̀ lójú kì í bínú sí èyí, ó tiẹ̀ tún lè fi ènì sí i.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: gaàrí ń yó ọmọ ni, kì í mú un dàgbà. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, purotéènì kò tó gíráàmù 2. Bí a bá ní ká fún un ní máàkì bí oúnjẹ ọmọ, òun nìkan gba 4 nínú 10. Pẹ̀lú ẹja díndín àti ẹ̀pà, ó gba 8.

Orí mílíìkì lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹ má wo màlúù tí wọ́n yà síwájú ọ̀rá, ẹ yí i sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ níbi èròjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ glucose syrup (omi ṣúgà tó ki) tàbí maltodextrin (ìyẹ̀fun tí wọ́n ń ṣe láti ara sítáàṣì) ló ṣíwájú, kì í ṣe mílíìkì lẹ rà, bó ti wù kó funfun tó. Èyí tí wọ́n kọ “filled” sí, wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò, wọ́n fi òróró dípò rẹ̀. Ọmọ tó ti tó jẹun lè mu ún, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dípò ọmú fún ìkókó.

Ẹ̀pà inú ìgò ńkọ́? Ẹ dorí ìgò kodò, kí tìsàlẹ̀ wá sókè. Tí ẹ bá rí èyí tó hunjọ, tó dúdú tàbí tó bu, ẹ fi sílẹ̀. Yíyan kì í pa gbogbo oró èébu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ gún un fún un, torí odindi lè há a lọ́fun.

Ṣúgà, ṣíbí tíì kan ti tó. Omi tó ti hó, tó sì ti tutù, ni kí ẹ fi rẹ gaàrí náà, kí ẹ sì gbé e fọ́mọ kó tó wú, pẹ̀lú ẹja tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀.