EBC Greenstuff lára Corolla tí mo fi ń lọ Kútọnu lójoojúmọ́: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa plákẹ́ẹ̀tì bíréèkì tí mo kó sí Corolla mi, ẹ jẹ́ n kúkú sọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan, kí n yéé máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp. EBC Greenstuff ni, EBC lorúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, iwájú nìkan ló sì wà torí tàǹbúù, bíréèkì tó rí bí ìlù tí kì í lo plákẹ́ẹ̀tì, ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ tèmi. Ó ti rí ọyẹ́, ó ti rí òjò, ó ti bá mi dé Ṣábẹ̀ tòun ti ẹrù. Ó dáa, mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi dáa kọ́ lohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tó o bá ti kó plákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá sábẹ́ ọkọ̀, zẹmijáàn tó bá já sí ẹ níwájú lójijì ní Wàndó, ọkọ̀ á kàn dúró gbagidi. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Plákẹ́ẹ̀tì ló ń di dísíìkì mú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, táyà ló ń di gùdúróònù mú. Plákẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, tí kò tíì jẹ tán, lágbára tó láti mú táyà dúró pátápátá tó o bá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, ìdí tí ABS fi wà náà nìyẹn, kí táyà má baà dúró kí ọkọ̀ sì máa yọ̀ lọ. Ibi tí agbára táyà bá ti parí, kò sí plákẹ́ẹ̀tì tó lè fi kún un. Nítorí náà tí táyà ẹ bá ti pá bí orí bàbá àgbà, owó tó o fẹ́ fi ra plákẹ́ẹ̀tì yẹn, gbé e fún oní-táyà ná jàre.

Ooru niṣẹ́ tí irú plákẹ́ẹ̀tì báyìí wà fún. Gbogbo ìgbà tó o bá tẹ bíréèkì, eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń di ooru láàárín plákẹ́ẹ̀tì àti dísíìkì. Tó o bá sáré ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni pé ẹni tó ń sá 120 tó wá dúró, ooru tó dá sílẹ̀ tó ti ẹni tó dúró láti 60 lọ́nà mẹ́rin. Plákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ara ẹ̀ lè gba ooru dé, tó bá kọjá ibẹ̀, ohun tí wọ́n fi lẹ èròjà inú ẹ̀ pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa tú gáàsì, wàá tẹ pẹ́dàlì, pẹ́dàlì á le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí ò ní bi mí pé kí ló dé tí mo náwó.

Àmọ́ níbo la ti fẹ́ rí irú ooru yẹn níbí? Àjàṣẹ́ sí Kútọnu ò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, tó o bá sì ti dé Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀ ànbùtẹyáàjì lo máa bá, o tẹ̀ ẹ́, o fi sílẹ̀, o tún tẹ̀ ẹ́, kò sí eré níbẹ̀ tó máa di ooru. Ohun tá a nílò níbẹ̀ ni plákẹ́ẹ̀tì tó máa mú láti ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́, nígbà tó tutù, nígbà tó rin fún omi. Ẹni tó ń ra plákẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ tó ń wà lójoojúmọ́, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ni pé báwo ló ṣe ń mú nígbà tó tutù. Iye ooru tó lè gbà, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kútọnu ní Golf GTI, ló bá lọ kó plákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún eré ìje sí i, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀ pé kì í ṣe fún títì. Wọ́n gbé ọkọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan pé kí n wà á wò. Kárífúù àkọ́kọ́ tí mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ ní tiẹ̀ ni, àyà mi já, mo ní láti fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbọ́. Nǹkan yẹn ò ní mú dáadáa àfi tó bá gbóná gidi, ta ló sì ń gbóná dé ibẹ̀ nígbà tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé? Ó tún ń han goooro níbi tá a bá ti dúró, gbogbo àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà á yíjú wò wá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ nǹkan yìí kúrò lábẹ́ ọkọ̀ o." Wọ́n ní, "Tí n bá sá 180 ni wàá rí iṣẹ́ ẹ̀." Níbo lẹ fẹ́ ti sá 180 yẹn ní Kútọnu, orí afárá àbí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sì tíì bọ́ ọ.

Nítorí ẹ̀ ni mo fi fara balẹ̀ ka ti EBC kí n tó ra nǹkan kan, torí àwọ̀ àwọ̀ ni wọ́n fi ya tiwọn sọ́tọ̀. Greenstuff wà fún ọkọ̀ kékeré tó ń sáré díẹ̀ lórí títì, Redstuff jẹ́ sẹ̀rámíìkì fún ọkọ̀ tó wúwo tàbí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, Yellowstuff lè ṣe títì kó sì ṣe pápá eré, Bluestuff ti fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ ti pápá eré tán. Àwọn ọmọ kan á kàn máa sọ pé yẹ́lò ló le jù, yẹ́lò ni kí n rà. Corolla tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ jẹ́ lítà 1,4? Kí ni n ó fi ṣe? Àwọn ilé iṣẹ́ míì náà wà tó ń ṣe irú èyí tó wà láàárín, Ferodo wà, Hawk ní HPS, ẹni tó bá rí ìyẹn tó bá ọkọ̀ ẹ̀ mu kò pàdánù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, plákẹ́ẹ̀tì tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà méjì ní ìparí nọ́ńbà gígùn kan, bíi FF tàbí EF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú tó nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó gbóná. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń di dísíìkì mú tó ni lẹ́tà yẹn dúró fún: E wà láàárín 0,25 sí 0,35, F wà láàárín 0,35 sí 0,45, G wà láàárín 0,45 sí 0,55. Tẹ́ ẹ bá rí FE, ó túmọ̀ sí pé ó ń rẹ̀ ẹ́ tó bá gbóná. Ti Yúróòpù ní tiwọn, àmì E tó wà nínú róbótó pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, E1 Jámánì, E2 Fáransé, E11 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí 90R bá tẹ̀ lé e, òfin R90 nìyẹn, ó ń sọ pé wọ́n ti dán an wò, kò sì gbọdọ̀ fi ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí èyí tó bá ọkọ̀ wá. Mo ti rí páálí lọ́jà tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lára tí wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ náà, tí plákẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ò sì ní àmì kankan. Olùtajà ní orijináàlì ni. Mo kí i pé ó kú ọjà, mo bá tèmi lọ.

Tèmi, ọ̀rẹ́ kan tó ń gbé Fáransé ló bá mi rà á ní nǹkan bíi 70 yúróò. Yúróò kan ò yẹ̀ kúrò lórí 655,957 séfà, nítorí náà ẹ ti mọ̀ pé ó lé ní 45 000 kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó ẹrù. Ó wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi wé èyí tí wọ́n ń tà nílé, owó ẹ̀ tó tibí lọ́nà mélòó kan, ìyẹn gan-an ni kókó ohun tí mo ní lòdì sí i.

Ọ̀rọ̀ kíkó o sí ọkọ̀ wá nìyí, ibi tó dùn mọ́ mi jù. Pàtíróòn tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n rí àwọ̀ ewé ara ẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí ni wọ́n ń jẹ ní ìlú òyìnbó báyìí?" Ṣùgbọ́n wọ́n mọṣẹ́. Wọn ò kàn bọ́ ògbólógbòó kí wọ́n ti tuntun bọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ wọn ìnípọn dísíìkì torí iye tí kò gbọdọ̀ dín sí wà lára ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin náà gan-an. Wọ́n yọ pín tí étíríyé, irin tó di plákẹ́ẹ̀tì mú tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ dísíìkì, fi ń rìn síwá sẹ́yìn, ọ̀kan ti gbẹ, ó ń há, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gíríìsì tó lè gba ooru sí i. Ẹ gbọ́ o, pín tó bá há, plákẹ́ẹ̀tì apá kan á jẹ tán nígbà tí ìkejì ẹ̀ ṣì nípọn, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn èèyàn á wá máa bú plákẹ́ẹ̀tì. Ìdajì nínú ẹjọ́ tí mò ń gbọ́ nípa plákẹ́ẹ̀tì tó ń dún tàbí tó tètè jẹ, pín àti gíríìsì ni, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Tó o bá ti kó o sí i, má tíì sáré o. Greenstuff ní ohun kan tí wọ́n kùn sójú ẹ̀ tó ń bá ẹ fá ojú dísíìkì díẹ̀díẹ̀, o máa gbọ́ ariwo kékeré, kò séwu. Lẹ́yìn ìyẹn o gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òun àti dísíìkì mọ ara wọn, kí plákẹ́ẹ̀tì fi díẹ̀ nínú ara ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú dísíìkì káàkiri, orí ìyẹn ló ti máa ń mú. Mo bá ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ̀ lọ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Sọ́ńdè nígbà tí ọ̀nà dá, mo ń sáré dé 60, mo ń fà á wálẹ̀ sí bíi 10 láìjẹ́ kó dúró, mo tún ń sáré lọ, léraléra, títí òórùn ẹ̀ fi jáde díẹ̀. Ẹ má ṣe dúró kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú dísíìkì tó gbóná, ojú kan náà lá lẹ̀ mọ́, fòláànù á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó wá máa sọ pé dísíìkì ti wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ tútù lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó páàkì.

Báwo ló wá ṣe rí? Láàárọ̀, ó ń mú láti pẹ́dàlì àkọ́kọ́, kò dún, kò gbọ̀n. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni pé ẹsẹ̀ mi ò nílò agbára púpọ̀ mọ́, mo kàn ń fi ìka ẹsẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni, nínú ànbùtẹyáàjì ìyẹn ń dín àárẹ̀ kù ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nínú òjò, tá a bá wọ omi tó dá dúró lójú ọ̀nà, ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo plákẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe, mo ń fẹsẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ kí omi lè gbẹ. Ní ti eruku dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ jáńtì, mi ò rí èyí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ nígbà ọyẹ́ ta ló lè sọ èyí tó jẹ́ ti plákẹ́ẹ̀tì nínú gbogbo eruku yẹn.

Ọ̀nà Ṣábẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo sanwó fún. Ilé àna mi wà níbẹ̀, a máa ń lọ pẹ̀lú ọmọ, ìyá ìyàwó, ẹrù, tá a bá sì ń bọ̀ a máa ń ya ọjà Glazoué, iṣu á kún ẹ̀yìn ọkọ̀ débi tí iwájú ọkọ̀ á fi máa wo ọ̀run. Kì í ṣe òkè Ìdàáṣà ló ń dán bíréèkì wò lọ́nà yẹn, dódáànù ni, àwọn gegele tí wọ́n ṣe sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà sáré. O ń sá 100, abúlé dé, dódáànù mẹ́ta mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, o fà á wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ rírìn, o tún sá 100, abúlé míì tún dé. Bọ́kọ̀ ṣe wúwo tó yẹn, plákẹ́ẹ̀tì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń rùn, pẹ́dàlì á sì yí padà lẹ́sẹ̀ mi ká tó dé Bohicon. Èyí ò yí padà. Bó ṣe mú ní abúlé àkọ́kọ́ náà ló ṣe mú ní abúlé tó kẹ́yìn. Ìyá ìyàwó mi sùn títí dé ilé, ẹ̀rí wo lẹ tún fẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n má tan yín o, ọjọ́ kan náà tí mo kó plákẹ́ẹ̀tì sí i ni mo pààrọ̀ likíìdì bíréèkì, omi inú ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé bíréèkì, mi ò lè gbé gbogbo ògo fún plákẹ́ẹ̀tì. Likíìdì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, àwa tá a ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, tí aṣọ kì í gbẹ tán ní oṣù kẹfà, ẹ ro iye omi tó ń fà. Oríṣi likíìdì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tuntun ẹ̀ ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 ìwọ̀n Celsius, tó bá ti fa omi, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 155. Tó bá hó, ìfófòó kéékèèké á wà nínú ọ̀pá, pẹ́dàlì á sì rì wọlẹ̀ láìsí agbára kankan. Ọdún méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Nítorí náà ẹni tó jẹ́ pé Àjàṣẹ́ sí Kútọnu nìkan ni ọkọ̀ ẹ̀ mọ̀, tí kì í kó ẹrù, mi ò ní sọ pé kó lọ ra Greenstuff. Ra plákẹ́ẹ̀tì gidi tó ní àmì E inú róbótó lára, pààrọ̀ likíìdì, fọ pín étíríyé, wo táyà ẹ, owó á ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó bá ń kó ẹrù lọ sókè, Ìdàáṣà, Ṣábẹ̀, Parakou, tàbí tó ń sáré lálẹ́ lọ sí Kétu, kó rà á, iwájú nìkan tó, torí iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ṣàsí ọkọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín rà á, torí oríṣi étíríyé tó wà lórí Corolla ọdún kan náà máa ń ju ẹyọ kan lọ, plákẹ́ẹ̀tì tí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbé e padà sí Fáransé lọ́fẹ̀ẹ́.