Àyẹ̀wò DSQ-40: ìwé ìbéèrè lórí bí ọkàn ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀

Agbaninímọ̀ràn tó bá fẹ́ mọ bí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ṣe ń sá fún ìrora ọkàn láìmọ̀, DSQ-40 (Defense Style Questionnaire) ni ìwé tí yóò tètè rí lò. Kì í gba àkókò, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un wá sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, tó kà á bí wọ́n ṣe ń kà á ní òkè òkun, yóò máa fi orúkọ àìsàn pe ìwà ọmọlúàbí.

Ọdún 1894 ni Sigmund Freud, dókítà ará Austria, ti kọ̀wé nípa bí ọkàn ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. Anna ọmọ rẹ̀ ló wá to àwọn ọgbọ́n náà jọ lọ́dún 1936. Michael Bond, dókítà ọpọlọ ní Montreal, ló sọ ọ́ di ìwé ìbéèrè. Nígbà tó di 1993, òun pẹ̀lú Gavin Andrews àti Meena Singh gé e kù sí gbólóhùn 40. Ọgbọ́n ìdáàbòbò 20 ló wà nínú rẹ̀, gbólóhùn méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 1 dé 9 ni a fi ń dáhùn: 1 ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá mi mu rárá, 9 ni pé èmi gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tí ọkàn ń ṣe é láìmọ̀, báwo lonítọ̀hún ṣe fẹ́ mọ ohun tí yóò dáhùn? Ìbéèrè gidi ni. Èsì Bond ni pé a lè má mọ ohun tí ọkàn ń ṣe, àmọ́ a máa ń rí ipasẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn 8 àti 34 fi wù wá ju ìyókù lọ. Wọn ò bi ènìyàn bóyá ó ń sá fún òótọ́. Ohun tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ ń sọ nípa rẹ̀ ni wọ́n bi í: ṣé wọ́n máa ń ní ó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó le ò sí, ṣé wọ́n ń ní kì í fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹni láàárín ẹbí níhìn-ín, ìyẹn yéni kíákíá.

Ní ti ìṣirò, gbólóhùn 12 àti 27 ló ń wo ìbànújẹ́ tó ń di àìsàn ara. Ẹni tó mú 8 níbi 12 àti 6 níbi 27, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Pín in sí méjì, ó di 7. Bí ó bá fo ọ̀kan, ẹ padà bi í, ẹ má fi òdo dí àyè náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín ogún ọgbọ́n náà sí agbo mẹ́ta: mẹ́rin tó dàgbà dénú, mẹ́rin tó wà láàárín, àti méjìlá tí wọ́n ní kò tíì gbó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nínú agbo kẹta, ẹni tó gba 9 nínú ọgbọ́n kan ṣoṣo, tó gba 2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́kànlá yòókù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31. Pín in sí 12, ó di bíi 2.6. Ìwé á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan yẹn ló ń da ilé rú. Ogún nọ́ńbà náà ni kí ẹ kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì ka orúkọ agbo kẹta sétígbọ̀ọ́ àgbàlagbà. Ẹ kò ní rí i mọ́.

Àwọn gbólóhùn tó ń ṣini lọ́nà níhìn-ín ò kéré. Gbólóhùn 28 ń béèrè bóyá ènìyàn máa ń ṣe dáadáa sí ẹni tó yẹ kó bínú sí. Ìyàwó ilé wo ni kò ní mú 9 nítorí ìyá ọkọ? Gbólóhùn 32 ń wo ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán tó tún bẹ̀bẹ̀. Ní Iléṣà, ẹni tó bá àgbà jiyàn tí kò padà lọ dọ̀bálẹ̀ ni a ó pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn 21 dárúkọ áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ni gẹ́gẹ́ bí àfiwé, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ gbà pé áńgẹ́lì wà lóòótọ́. Gbólóhùn 18 ní òun kò bẹ̀rù ohunkóhun, àdúrà sì ni èyí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ wo ìṣe, ẹ má wo ẹnu. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó ní "Mi ò gbà á", tó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, kò sá fún òótọ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ṣì wà bó ṣe wà, òun ni ká wò.

Ti ara ríro ló gba ìṣọ́ra jù. Orí gbígbóná, àyà jíjá, ohun tó ń rìn lára bí èèrà: èdè tí Yorùbá fi ń sọ ìdààmú nìyí, kì í ṣe àìdàgbà. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, ti kọ̀wé lọ́dún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò sì wọlé mọ́. Kí a tó dá ọkàn lẹ́bi, kí wọ́n yẹ ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò ná.

Ibi tó ti dára, ó dára gan-an. Gbólóhùn 23, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ láti gbẹ̀san lára ọ̀gá, kò sí ọ́fíìsì tí kò ti yé wọn. Èyí tó kan wíwá àwíjàre (4 àti 16) bá òwe wa mu: àìlèjà ni à ń sọ pé ojúde baba mi ò dé ìhín. Àwàdà (5 àti 26) náà ò ṣòro, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Fún ìyá tó ń tajà ní Sábó tí kò kàwé, ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ kó èkùrọ́ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kó fi iye tó bá a mu sọ́tọ̀. Ẹ pín in sí ìgbà méjì, nítorí lẹ́yìn ogún gbólóhùn, ọ̀pọ̀ á máa mú 5 ṣáá. Gbólóhùn 9 tó dárúkọ Superman inú fíìmù, ẹni tí kì í ka ewu sí, ẹ fi ẹni tó ń sáré àsápajúdé lọ́nà Ifẹ̀ sí Iléṣà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti yí i padà.

Ìlànà dókítà ọpọlọ J. Christopher Perry, tó ń wo ọgbọ́n 30 ní ìpele méje nínú ọ̀rọ̀ tí aláìsàn sọ, jinlẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ó nílò ẹni tí a kọ́ dáadáa àti wákàtí púpọ̀. Nínú kílíníìkì tí èrò kún, DSQ-40 ló ṣe é lò, fún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó ń wu òun láti kú, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sórí ìwé dípò orúkọ, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́.