Streetcleaner àbí Turn Loose the Swans: èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ ń wá orin metal (orin gìtá oníariwo) tó wúwo, tí ò kánjú, àwo méjì ni mo máa ń sọ fẹ́ni tó bá bi mí: Streetcleaner ti ẹgbẹ́ Godflesh, 1989, àti Turn Loose the Swans ti ẹgbẹ́ My Dying Bride, 1993. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn méjèèjì ti wá, Birmingham làwọn ti àkọ́kọ́, Bradford làwọn ìkejì. Industrial metal (metal tó ń dún bí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́) ni ti Godflesh, death-doom (metal tó ń falẹ̀, tó ń bú, tó sì kún fún ìbànújẹ́) ni ìkejì, ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì dáadáa á mọ ibi táwọn ẹgbẹ́ tó ń po méjèèjì pọ̀ báyìí ti ń bu nǹkan tiwọn.

Ìlù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Godflesh ò ní onílù rárá lórí àwo yẹn, ẹ̀rọ ló ń lù ú, Justin Broadrick ń ta gìtá ó tún ń kọrin, G.C. Green wà nídìí báàsì. (Broadrick yìí náà ló ta gìtá lójú kìíní Scum, àwo ẹgbẹ́ metal asáré Napalm Death, 1987, ẹ wo bó ṣe sáré níbẹ̀ tó wá dúró jẹ́ẹ́ síbí.) Ẹ fi Like Rats bẹ̀rẹ̀, orin àkọ́kọ́ nìyẹn: báàsì ń họ ilẹ̀, gìtá ń ké lókè, ohùn ń bú ramúramù, ẹ̀rọ yẹn ṣáà ń gbá a lọ gbì, gbì, gbì. Onílù l'Ójúde Ọba máa ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó kó tó yí ọwọ́ padà, ẹ̀rọ yìí ò wojú ẹnì kankan, ohun tó jẹ́ kí àwo náà máa bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn.

Ti My Dying Bride, èèyàn ló ń lù ú, ẹ sì máa gbọ́ ọ pé èèyàn ni. Orin méje péré ló wà níbẹ̀ àmọ́ The Crown of Sympathy nìkan lé ní ìṣẹ́jú 12. Martin Powell ń ta fáyólìn, Aaron Stainthorpe á bú, á tún wá kọrin gaara bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, èmi ò mọ àwo death-doom mìíràn tí ìbànújẹ́ rẹ̀ dùn báyìí. Ẹni tí kò fẹ́ ariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibí ni kó wá.

Tó bá jẹ́ industrial lẹ bá wá, Streetcleaner ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ máà rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ orin tẹ́ ẹ lè fi sọkún lẹ fẹ́, ẹ ra ìkejì.

Owó wá ńkọ́? CD Streetcleaner ní orin 14 torí wọ́n fi orin mẹ́rin mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Tiny Tears lápapọ̀, kún un, rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tó kọ́kọ́ jáde ní mẹ́wàá, CD ló san jù fún ẹni tó ń ṣọ́ owó. Rẹ́kọ́ọ̀dù wúwo láti fi ránṣẹ́, kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè béèrè owó lórí ẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní iye tó máa ná yín títí dé Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sípíkà fóònù dán an wò, báàsì Green ò ní jáde níbẹ̀ rárá, ẹ wá íápíìsì tó dáa tàbí sípíkà gidi kẹ́ ẹ tó ní kò dùn.