Òkun Ló Yí Wa Ká, Ẹ Ṣáà Gbé Omi Dání: Ọjọ́ Kan ní Dry Tortugas

Nígbà tí màmá mi gbọ́ pé owó ọkọ̀ ojú omi ẹnì kan lọ sí Dry Tortugas, ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà tó wà láàárín òkun ní Fúlọ́rídà, lé ní 200 dọ́là, wọ́n ní ṣé ọkọ̀ náà máa gbé àwọn dé Èkó ni. Ká tó kúrò nílùú Key West láàárọ̀, mo ti ń fọ́nnu pé ará Fúlọ́rídà ni mí, òkun ò ṣe nǹkan kan fún mi. Wákàtí méjì ó lé la fi rìn, ìgbì ń jà, èmi náà ni mo sì ń bì. Màmá ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ tiwọn jẹ́ẹ́. Ẹ lo oògùn èébì kí ẹ tó wọkọ̀ o. Tó bá ti gbéra, ó ti bọ́.

Erékùṣù kéékèèké méje ni. Omi ló kó gbogbo ìyókù ọgbà náà. Orí Garden Key lọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, níbi tí odi Fort Jefferson wà. Bíríkì ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 16! Ọdún 1846 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọn ò sì parí ẹ̀ rí. Àwọn ẹrú wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ agbára níbẹ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà tí mo sọ ìyẹn fún wọn. Ìgbà tá a dé etí yàrà tó yí odi ká, tomi òkun kún inú ẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú wọn tó ta: “Àṣé òyìnbó náà ní Eredo!”

Ìjàpá òkun ni Ponce de León, ará Sípéènì tó ń wá ilẹ̀ tuntun kiri, rí níbẹ̀ ní 1513 tó fi pè é ní Tortugas, ìyẹn “ìjàpá” lédè wọn. “Dry” (gbígbẹ) tí wọ́n fi kún un, ìkìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ òkun ni pé kò sómi mímu. Àwọn tó kọ́ odi gbẹ́ ibi ìkómi-òjò-sí sábẹ́ ilé, àmọ́ ilé rì, ó sán, omi iyọ̀ wọnú ẹ̀. Títí dòní, kò sómi, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Pàǹtí yín gan-an, ẹ̀yin lẹ máa gbé e padà.

Àmọ́ ẹ wo abẹ́ omi! Iyùn tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ẹja tó dá aró bí àdìrẹ. Bush Key tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyẹ ló ni ín: ìgbà tí wọ́n bá ń yé, èèyàn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Ariwo wọn ju tọjà lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìgbì ló gbé ọ̀kan lọ. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ò tó mi, mo fẹ́ padà lọ pàgọ́ sùn mọ́jú. Màmá ní ta ló máa bá mi gbé omi?