Ọkọ̀ ojú irin Talyllyn ní Wales: arúgbó tó ṣì ń gbé èrò

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń gba ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, kó lọ wọ Talyllyn. Lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín kú ní 1950, àwọn tó fi ara wọn jìn láìgbowó ló gbà á ní 1951. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lèrò ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà jáde. Àwọn afárá tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀nà há jù, àyè tó wà láàárín ògiri wọn àti ọkọ̀ kò tó ẹni kan kọjá. Wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì pa, wọ́n sì sún irin ojú ọ̀nà kúrò láàárín lábẹ́ afárá, kí àyè lè pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn!

Ní ibùdókọ̀ Dolgoch, ọkọ̀ á dúró mu omi. Ẹ má bínú sí ìdúró yẹn. Bí omi inú bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin tí omi ti ń hó láti fi wa ọkọ̀, bá fi lè lọ sílẹ̀ tí kò bo òrùlé ibi tí iná ń jó mọ́, irin ibẹ̀ á gbóná, á rọ̀, bọ́ílà sì lè bẹ́. Òjé tí wọ́n fi dí ihò kan níbẹ̀ á kọ́kọ́ yọ́, kí omi àti oruku omi gbígbóná lè tú sórí iná, káwọn òṣìṣẹ́ tètè mọ̀.

Àléébù rẹ̀? Mìlímítà 686 péré ni fífẹ̀ ọ̀nà, ìjókòó há. Àwọn ọkọ̀ èrò àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń gbọn èèyàn níbi tí irin ti so kọ́ra. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ wọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ.